Ìrànlọ́wọ́ àwọn ológun òkè òkun nígbà àjálù: ohun tó yẹ kí ìdílé wa mọ̀

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tó dàgbà ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba tí kò mọ Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí Òkè Ààrẹ. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Bower, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ wá jókòó ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba wọn ní 1893. Ogun Kírìjì ló gbé wọn dé. Àwọn tó ń jà ti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ wọn ò kúrò ní bùdó ogun títí Gómìnà Carter fi wá láti Èkó ní 1893. Àlàáfíà dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá làjà kò padà sílé. Nígbà tó di 1895, Bower yí ìbọn ńlá sí ìlú Ọ̀yọ́.

Ìtàn yìí wúlò fún ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: bí ológun ilẹ̀ mìíràn bá ní òun fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ lórí àjálù tàbí ètò ààbò, ṣé kí a gbà ni, àbí kí a kọ̀? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo bí ìrànlọ́wọ́ náà ṣe rí.

Oríṣi mẹ́rin tó wà

Èkíní ni ẹ̀kọ́: wọ́n á kọ́ àwọn ọmọ ogun wa ní iṣẹ́. Èkejì ni ohun èlò, bíi ọkọ̀, bàálù àti ìbọn. Ẹ̀kẹta ni kí àwọn ṣọ́jà wọn fúnra wọn wá nígbà tí àjálù bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìmúrasílẹ̀: kí a jọ gbèrò ohun tí a ó ṣe kí omi tó kún tàbí kí àrùn tó wọ ìlú.

Láti 2008 ni Amẹ́ríkà ti ní ọ̀wọ́ ológun kan tó ń bójú tó ọ̀ràn Áfíríkà, AFRICOM. Ìlú Stuttgart ní Jámánì ni ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà. Kí ó tó dé rárá, láti 2005, ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti ti Nàìjíríà ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn HIV. Irú èyí kì í pariwo, ṣùgbọ́n yàrá àyẹ̀wò àti òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í tán lẹ́yìn àrùn kan ṣoṣo.

Ìgbà tó wúlò, ìgbà tó pẹ́ jù

Ní 2000, àgbàrá bo apá ńlá ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì. Àwọn èèyàn gun orí igi, wọ́n gun òrùlé. Hẹlikọ́pítà àwọn ológun South Africa ni ó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó lé ní 14,000 ẹ̀mí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: aládùúgbò ni wọ́n. Àwọn orílẹ̀-èdè tó jìnnà dé lẹ́yìn wọn.

Ní 2014 ẹ̀wẹ̀, Ebola ń pa èèyàn ní Làìbéríà. Oṣù kẹsàn-án ni Ààrẹ Obama kéde pé òun yóò rán ọmọ ogun tó tó 3,000 lọ. Wọ́n kó ohun èlò dé, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n sì kọ́ ilé ìtọ́jú 11. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ilé náà fi máa parí, àrùn ti ń rọlẹ̀. Aláìsàn Ebola 28 péré ni wọ́n tọ́jú nínú gbogbo wọn. Ní Èkó lọ́dún náà, àwọn dókítà àti òṣìṣẹ́ tiwa ló ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wá gbogbo ẹni tó súnmọ́ aláìsàn. Èèyàn mẹ́jọ kú ní gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, àjọ WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ohun tó so mọ́ ọn

Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìrànlọ́wọ́ kọ́ ni ọ̀fẹ́. Bàálù ogun Super Tucano 12 tí a gbà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní 2021, Nàìjíríà ló sanwó rẹ̀, nǹkan bí 500 mílíọ̀nù dọ́là.

Òfin tún wà níbẹ̀. Òfin Leahy, tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1997, kò gbà kí wọ́n ran ọ̀wọ́ ológun tó bá ń tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú mọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí bàálù tiwa ṣèèṣì ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno, ní oṣù kìíní 2017, ó lé ní 100 èèyàn tó kú. Ìyẹn mú kí ọjà Tucano náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan ń bínú sí irú òfin bẹ́ẹ̀ pé ó ń dá ogun dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ wúwo lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, bó ti wù kí ọ̀tá burú tó.

Aráàlú pẹ̀lú ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ní oṣù kọkànlá 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó lọ fẹ̀hónú hàn ní Èkó nítorí àdéhùn ààbò tí Nàìjíríà bá Bìrìtéèsì ṣe. Oṣù kìíní 1962 ni ìjọba méjèèjì fagi lé e. Ní Nìjẹ̀r, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn ológun tó gba ìjọba ní 2023 lé ṣọ́jà Faransé lọ lọ́dún yẹn, wọ́n sì lé ti Amẹ́ríkà ní 2024. Ilẹ̀ ti Amẹ́ríkà ná ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lé lórí ní Agadez, wọ́n fi í sílẹ̀ lọ.

Àwa ńkọ́, ní Ìbàdàn?

Mápó wà lórí òkè, ṣùgbọ́n Ògùnpa àti Kúdẹtì ń ṣàn nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1980, Ògùnpa ya wọlé, ó lé ní 200 èèyàn tó gbé lọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 2011, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn Ràmàdáánì, omi tún pa èèyàn tó lé ní 100. Lẹ́yìn èyí ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún ètò omíyalé ní Ìbàdàn. Ẹ̀yáwó ni, àwọn ọmọ wa ni yóò san án.

Àjọ NEMA wà láti 1999, bárékè Odógbó sì wà ní Ìbàdàn níhìn-ín. Síbẹ̀, bí omi bá ya lóru, ará ilé kejì ni yóò kọ́kọ́ dé. Nítorí náà:

Kí mọ́gàjí agbo ilé kọ̀ọ̀kan mọ iye arúgbó, aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ilé, kó sì yan ẹni tí yóò gbé wọn.

Kí ràtíbì tó wà lórí ilẹ̀ gíga ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Kí ìmáàmù lo gbohùngbohùn mọ́sálásí láti kìlọ̀ bí odò bá ń kún.

Kí ẹgbẹ́ àsàlátù máa rán ara wọn létí kí òjò tó dé pé ilẹ̀ ìdọ̀tí kì í ṣe odò. Kí gbogbo ọmọ ilé mọ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: a lè gba ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí a ka àdéhùn rẹ̀ kí a tó fọwọ́ sí i, kí a mọ ọjọ́ tí àlejò yóò padà, kí a má sì tìtorí rẹ̀ ká ọwọ́ gbera. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ilé wa, kó sì kẹ́ àwọn tí omi gbé lọ. Àmín.