Láti Ojú Ogun sí Ojú Irin: Rélùwéè ní Ọ̀fà

Àwọn kan máa ń sọ pé rélùwéè ló sọ Ọ̀fà di ìlú. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí rélùwéè ṣe ní Ọ̀fà, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ogun ti ṣe níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni ogun Ìlọrin tú Ọ̀fà, lẹ́yìn tí wọ́n ti dótì í fún ọdún pípẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ríbi sá lọ forí lé ìhà Òkukù àti Ìkìrun. Ó pẹ́ kí wọ́n tó padà wá tún ahoro kọ́.

Ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tó sì di 1908, ó ti gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin. Ẹ wo ibi tó ń gbà: Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà. Ọ̀nà tí wọ́n sá gbà nígbà ogun náà nìyẹn! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sá lọ ní 1890 kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ọkọ̀ yìí dé.

Ṣebí ìjọba ò la ojú irin nítorí ọmọ Ọ̀fà. Òwú àti irè oko ni wọ́n ń wá, wọ́n sì fẹ́ dé òkè Ọya. Ní 1912, ojú irin Èkó pàdé ti Baro sí Kánò ní Minna. Ṣùgbọ́n oníṣòwò Ọ̀fà náà ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó di ẹrù rẹ̀, ó wọkọ̀.

Iṣẹ́ èdè ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ wò. Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá ní ọkọ̀, ti omi ló ń sọ. Ìgbà tí irin dé la wá ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀: ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin. Kí ló dé tí a ò fi sọ pé ọkọ̀ orí irin? A ní ojú ọ̀nà, a ní ojú ogun. Ojú ni ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn baba wa wo irin tí òyìnbó tẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà ni, wọ́n sì gbà á bí ọ̀nà.

Láti 2021 ni ọkọ̀ tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Ojú irin tirẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 1,435. Ti àtijọ́ tó gba Ọ̀fà kọjá jẹ́ 1,067. Ọkọ̀ tuntun yẹn ò lè rìn lórí rẹ̀. Ìgbà yìí ló yẹ ká ronú, kí tésàn àtijọ́ má baà di ahoro. Ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún Jaekel House ṣe, ilé rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, ó sì di ibi tí wọ́n ń kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè sí. Ọ̀fà náà lè ṣe é. Àwọn tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ti ń dàgbà. Ẹni tó bá ní irú wọn nílé, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.