Àwọn Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Kọ́ Wa Ní Ètò Ìlú

Bí a bá ń ka ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ gíramà nínú irú ìwé ọdọọdún báyìí, ohun tí a sábà máa ń rí ni orúkọ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, iye ilé tí a kọ́, àti iye ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò. Ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe gbogbo ìtàn náà. Apá kan wà tí kò sí nínú èsì ìdánwò, èyí ni àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe àkóso rẹ̀ fúnra wọn lẹ́yìn tí agogo ìparí ẹ̀kọ́ bá ti dún. Èrò mi ni pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ bí a ti ń bójú tó ọ̀ràn ìlú, àti pé bí a bá jẹ́ kí wọ́n parun, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa yìí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá ní ẹgbẹ́ ṣíṣe. Kí ìwé tó dé ni a ti ní ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, a ti ń ṣe aáró àti ọ̀wẹ̀, a sì ti ń dá èsúsú. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ fi kún un ni ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìdìbò, àti ìṣirò owó tí a kọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọdún 1859 ni ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ gíramà sílẹ̀ ní Èkó, Thomas Babington Macaulay, àna Àjàyí Crowther, sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá: Abẹ́òkúta ní 1908, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde ní 1913, Oǹdó ní 1919. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé láàárín ọdún wọ̀nyí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ńláńlá dé orílẹ̀-èdè wa: ẹgbẹ́ Boys' Brigade ní 1908, Boy Scouts tí a ń pè ní Síkáòtù ní 1915, àti Girl Guides ti àwọn ọmọbìnrin ní 1919. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n sì gbé wọn dé ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn.

Nínú irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ tàn ju ti Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti lọ. Òun ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíramà Ìjẹ̀bú-Òde títí di 1932, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ó wà títí di 1954. Ọkùnrin yìí tí ó mú Síkáòtù lọ́kùn-únkúndùn ní Ìjẹ̀bú-Òde náà ni ó kó àwọn olùkọ́ jọ níbẹ̀ ní 1926. Nígbà tí a sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1931, òun ni a fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó mọ iyì ẹgbẹ́ fún ọmọdé ni ó mọ iyì rẹ̀ fún àgbà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí parí ìwé mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ìlú kékeré ni ó dáwó jọ láti ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà tiwọn. Àwọn àgbẹ̀ dá owó kòkó, àwọn ìyá ru omi àti yẹ̀pẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti ń dìde ni ẹgbẹ́ aríyànjiyàn, ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀, Síkáòtù àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ń tẹ̀lé wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí pẹ̀lú ti dá Muslim Students' Society sílẹ̀ ní Èkó ní 1954, ó sì tàn dé ìlú kéékèèké.

Ẹgbẹ́ aríyànjiyàn ni olórí gbogbo wọn. Alága a jókòó ní àárín, akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí ń ṣọ́ àkókò a sì di agogo kékeré mú. Bóyá iṣẹ́ àgbẹ̀ sàn ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ ni kókó ọ̀rọ̀, tàbí bóyá ó yẹ kí ọmọbìnrin kàwé bí ọmọkùnrin. Ẹni tí a yàn pé kí ó gbèjà àgbẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́ rí, síbẹ̀ yóò wá ọ̀rọ̀ tí ó dára jù fún wọn. Báyìí ni ó ṣe ń kọ́ láti wo ọ̀ràn láti ojú ẹlòmíràn. Àbùkù kan ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi ń jà á, nígbà tí ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà yóò san owó ìtanràn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ aríyànjiyàn, ìhà tí èmi ń tì lẹ́yìn fìdí rẹmi ní ọjọ́ kan. Nígbà tí mo jókòó láti kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo fi ìlà mẹ́wàá kọ ọ̀rọ̀ àwọn tiwa, mo sì fi méjì péré kọ ti àwọn tí ó borí. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, ọmọkùnrin kan tí mo fi kíláàsì méjì jù lọ dìde, ó ní, "Alága, àkọsílẹ̀ yìí kò tọ́." Ní ibòmíràn nínú ọgbà, mo lè ní kí ó kúnlẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú alága, ìbò kan ni èmi, ìbò kan ni òun. Wọ́n dìbò, wọ́n ní kí n tún un kọ. Ojú tì mí, mo sì tún un kọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àkọsílẹ̀ kì í ṣe ti akọ̀wé, ti gbogbo ẹgbẹ́ ni. Nígbàkígbà tí akọ̀wé wa bá ń ka àkọsílẹ̀ ní ìpàdé ìlú tí àgbà kan sì nawọ́ sókè láti ṣàtúnṣe, ọmọkùnrin yẹn ni mo ń rántí.

Àwọn òbí kan yóò ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́nu ọmọ, nítorí ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹ̀rù náà tọ́. Ní 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn; kì í ṣe fún ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí ó dìde lẹ́yìn rẹ̀ mú ohun ìjà lọ́wọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Pyrates fi kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga pátápátá ní 1984. Lónìí, àìsàn náà ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíramà. Síbẹ̀, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì sọ pé nígbà tí òun wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà Abẹ́òkúta, òun dá ẹgbẹ́ aláìgbọràn kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Planless Society, wọ́n sì ń gbé ìwé ìròyìn tiwọn jáde. Ìwà ìpáǹle ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ìwé ìròyìn jáde kò fi ara pamọ́. Ìyàtọ̀ náà nìyí: ẹgbẹ́ rere a máa ṣe ìpàdé ní ojúmọmọ. Oko tí a kò bá sì gbin nǹkan sí, igbó ni yóò dì.

Kí ló dé tí a kò gbin ín mọ́? Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ, ilé ìsùn púpọ̀ sì kógbá wọlé lẹ́yìn náà. Láti 1979, ẹ̀kọ́ gíramà di ọ̀fẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí ẹgbẹ́ òṣèlú U.P.N. ń ṣàkóso. Ohun ńlá ni èyí, èmi kò sì ní bá ẹnikẹ́ni bú u; àìmọye ọmọ tálákà ni ó tipa rẹ̀ kàwé. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i, olùkọ́ kò pọ̀ tó wọn. Nígbà tí ọ̀ràn ajé sì le lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó jẹun kò lè dúró ti ọmọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tí ó kù, ẹ̀kọ́ àfikún fún ìdánwò WAEC àti JAMB ti gbà á.

Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a fi àríyànjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ètò ọjọ́ ìlú lọ́dọọdún, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wálé láti Èkó, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ láti bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó. Ẹ̀kẹta, kí a yọ díẹ̀ nínú owó ilé kíkọ́ fún àwọn olùkọ́ tí yóò máa dúró ti ẹgbẹ́ wọ̀nyí, kí a sì jẹ́ kí akápò àwọn ọmọ ka ìṣirò rẹ̀ síta fún wa ní ìpàdé gbogbogbò.

Mo mọ̀ pé ilé rọrùn láti fi han àlejò, a sì lè kọ orúkọ olùfúnni sí ara ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé lónìí ni akọ̀wé ìlú lọ́la. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ẹni fi í lé lọ́wọ́. Àṣẹ.