Bí “ẹṣin” Ṣe Ń Di “ẹṣin”

Ẹ kọ “ẹṣin” sínú fáìlì XML, ẹ ní kí kóòdù yín kà á, “ẹṣin” ló jáde. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé lẹ́tà wa ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Kò bàjẹ́. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, kì í ṣe lẹ́tà, nọ́ńbà náà sì pé síbẹ̀. Tábìlì tó ń so nọ́ńbà mọ́ lẹ́tà, èyí tí wọ́n fi kà á, ni kì í ṣe èyí tí wọ́n fi kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tábìlì yìí ti pẹ́. ASCII, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963, kò ní ju àyè 128 lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1843 ni Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Nígbà tó di 1987, Latin-1 sọ àyè di 256. Ọpẹ́lọpẹ́ Faransé àti àwọn èdè Yúróòpù mìíràn, à, é àti ò ríbi wọlé. Ẹ, ọ àti ṣ kò rí. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn: àmì ohùn wọlé, lẹ́tà tó yẹ kó gbé e wà níta. Àwọn tó fẹ́ tẹ Yorùbá wá ń lo fọ́ǹtì àkànṣe, tí wọ́n ya ẹ sí àyè àmì mìíràn. Bí ìwé náà bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì ọ̀hún, àmì yẹn ló máa yọjú.

Unicode, tábìlì tí wọ́n ṣe fún gbogbo èdè, kọ́kọ́ jáde ní 1991, ẹ̀dà 1.1 ti 1993 ló sì gba ẹ, ọ àti ṣ wọlé. Àárín lẹ́tà àwọn ará Vietnam ni ẹ àti ọ wà, nítorí àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ní oṣù kẹsàn-án 1992, Ken Thompson ti ya UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi báìtì kọ nọ́ńbà Unicode, sórí ìwé tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo nílé oúnjẹ kan ní New Jersey, Rob Pike sì wà níbẹ̀. Báìtì kan ni lẹ́tà ASCII ń gbà nínú rẹ̀. Lẹ́tà ẹ tiwa gba mẹ́ta: 225, 186, 185. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ètò tó ń lo Latin-1: 225 di á, 186 di º, 185 di ¹. Ibẹ̀ ni “ẹ” ti wá.

XML dé ní ọjọ́ 10 oṣù kejì 1998, òfin rẹ̀ sì dára: ìlà àkọ́kọ́ fáìlì lè dárúkọ tábìlì tó ń lò, bí kò bá dárúkọ, tí kò sì sí àmì UTF-16 níwájú rẹ̀, UTF-8 ni. Ṣùgbọ́n ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan, RFC 3023 ti 2001, ní bí sáfà bá fi text/xml ránṣẹ́ láìdárúkọ tábìlì, kí wọ́n kà á bí ASCII, ohun yòówù kí fáìlì fúnra rẹ̀ sọ. Ọdún 2014 ni RFC 7303 ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un kúrò.

Ọwọ́ ẹni tó ń kọ kóòdù ló kù. Ó máa ń ka fáìlì sí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kó tó gbé e fún ètò XML. Kí Java 18 tó dé ní 2022, tábìlì tí ẹ̀rọ bá ń lò ni Java ń gbà. Kóòdù tó dára lórí Linux lè ba Yorùbá jẹ́ lórí Windows. Ẹ jẹ́ kí ètò XML gba báìtì náà ní tútù, kó ka ìlà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀nà kò bá dá yín lójú, ẹ yóò gbé ẹ kọjá nínú ASCII pàápàá.

Ibi kan ṣì wà tí ojú kò lè rí. Ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo nínú Unicode. Ẹnì kan lè kọ ọ́ ní ọ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹlòmíràn ní ò pẹ̀lú àmì abẹ́. Bákan náà ni wọ́n rí lójú, àmọ́ bí ẹ bá wá “ọ̀nà” nínú fáìlì, kọ̀ǹpútà lè ní kò sí, nígbà tó wà níwájú yín. Ẹ fi NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, tún ọ̀rọ̀ inú fáìlì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ṣe: méjèèjì á di ọ, àmì ohùn á tẹ̀ lé e.