Ta Ni Wọ́n Ṣí Géètì Kruger Fún?

1/ Àbúrò mi tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara bi mí pé: "Àǹtí mi, ṣé irú èmi lè lọ wo kìnnìún?" Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn wò 🧵

2/ 1926 ni wọ́n dá ọgbà ẹranko Kruger sílẹ̀ ní South Africa. Láyé apartheid, àgọ́ Balule ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú.

3/ Òfin ilẹ̀ wọn ti 1996 ní kí ìjọba má ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ tàbí àìpé ara. Lónìí, yàrá tí kẹ̀kẹ́ ń wọ̀ wà ní Skukuza.

4/ Ẹ gbọ́ o: àlejò kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò bó ṣe wù ú nínú igbó yẹn. Níwájú kìnnìún, gbogbo wa la jókòó! Àtẹ̀gùn ló ń dènà, kì í ṣe ẹsẹ̀.

5/ Mo ti dá a lóhùn: a máa lọ. Kóló ti wà nílẹ̀.