ETÍ ỌBÀ: ÌTÀN KAN, ẸNU MẸ́TA

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nínú ìwé wa tó jáde ṣáájú èyí, mo kọ ewì kékeré kan nípa Ọbà, ìyàwó Ṣàngó, ẹni tí wọ́n ní ó gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ọkọ. Mo fi obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Mo pè é ní òmùgọ̀, mo pè é ní ẹni tí ìfẹ́ sọ di ẹran inú ìkòkò. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi níbi ìpàdé wa, orí mi sì wú. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa lẹ́yìn ìgbà náà ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnu mi yá jù.

Báyìí ló ṣe rí. Olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ alohùn, ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kó ìtàn kúkúrú mẹ́ta wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ojú ìwé kan lọ. Wọ́n ní kí a kà wọ́n, kí a fi wọ́n wéra, kí a sì sọ kókó ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá fa ìlà sójú pátákó, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: Ilé, Bùràsíìlì, Kúbà. Mo ní iṣẹ́ ọmọdé lèyí. Kí àwọn yòókù tó kà á tán ni mo ti nawọ́ sókè.

"Màmá, owú orogún ni. Ìtàn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n kàn kọ lónírúurú."

Màmá kọ "owú orogún" sí abẹ́ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n wá wò mí. "Ó ti parí nìyẹn? Ká máa lọ sílé?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ná, fún ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí. Ìyàwó mẹ́ta ni Ṣàngó fẹ́: Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà. Ọbà ni ìyáálé, Ọ̀ṣun ni ààyò, nítorí pé ọbẹ̀ rẹ̀ dùn. Ọbà wá lọ bá Ọ̀ṣun pé kí ó fi àṣírí ọbẹ̀ náà han òun. Ọ̀ṣun ti fi gèlè bo etí méjèèjì, ó sì ti da olú sínú ọbẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí ohun tó léfòó yìí? Etí mi ni mo gé síbẹ̀." Ọbà gbà á gbọ́. Ó wọlé lọ, ó gé etí rẹ̀ kan, ó fi se ọbẹ̀ fún ọkọ. Nígbà tí Ṣàngó ṣí àwo tó rí etí ènìyàn, ó ta kébé, ó figbe ta. Ọbà tú gèlè orogún rẹ̀ wò, ó bá etí méjèèjì ní pípé. Ìjà dé. Ṣàngó bínú sí àwọn méjèèjì, wọ́n sá jáde, wọ́n di odò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé níbi tí odò Ọbà ti pàdé odò Ọ̀ṣun, omi ibẹ̀ kì í sinmi. Àwọn mìíràn a máa sọ pé Ọya ló tàn án, kì í ṣe Ọ̀ṣun. Bó ti wù kó jẹ́, etí ti lọ.

Ní ilé, àlọ́ ìdí abájọ ni. Ó ní ibi tó ń lọ, ibẹ̀ sì ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí. Odò Ọbà wà lóòótọ́, ó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Ìwó tí a ń pè ní olódò Ọbà, odò yìí náà ni à ń wí. Nítorí náà, ọmọ tó bá gbọ́ àlọ́ yìí lálẹ́ lè pọn omi inú rẹ̀ láàárọ̀. Ìyá tó ń pa á fún un lè jẹ́ ìyáálé, ó sì lè jẹ́ ìyàwó, orogún rẹ̀ sì lè wà ní yàrá kejì tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra ni fún agbo ilé: má ṣe gba gbogbo ohun tí orogún bá sọ, ìwọ orogún náà, má ṣe tanni jẹ. Níbí yìí, ìdáhùn mi tọ̀nà. Owú orogún ni.

Ṣùgbọ́n báwo ni ìtàn yìí ṣe dé òkè òkun? Ogun ló gbé e lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń mì, nígbà tó sì fi máa di àárín ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́ Ilé ti tú. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nínú rògbòdìyàn yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n tà sí Bàhíà ní Bùràsíìlì, ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà sí Kúbà. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bàhíà, Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n ní Kúbà. Ọdún 1850 ni Bùràsíìlì ṣe òfin tó fòpin sí kíkó ẹrú wọ̀lú, ṣùgbọ́n ọdún 1888 kí wọ́n tó dá àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ti Kúbà jẹ́ ọdún 1886. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kò lè di ẹrù. Ohun tó wà nínú orí àti ẹnu rẹ̀ nìkan ló bá a wọ ọkọ̀. Ìtàn Ọbà wà lára rẹ̀.

Ní Bàhíà, àwọn obìnrin ló di ilé òrìṣà mú jù. Ní ọdún 1910, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mãe Aninha dá ilé Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ ní Salvador. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa, ẹ óò rí Àfọ̀njá nínú rẹ̀. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó dé Salvador ní 1946 tó sì gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1996, kọ ìtàn Ọbà sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn òrìṣà, èyí tó jáde ní 1981. Ti Bàhíà yìí fẹ́ẹ̀ bá ti ilé mu délẹ̀: gèlè wà níbẹ̀, olú wà níbẹ̀, odò méjèèjì wà níbẹ̀. Àmọ́ níbi tí àlọ́ ti ilé parí sí, ti Bàhíà kò dúró níbẹ̀. Bí Obá bá gun ẹlẹ́gùn níbi ọdún òrìṣà, yóò máa jó, yóò sì fi ọwọ́ bo ibi tí etí rẹ̀ wà. Jagunjagun ni, ó ní idà, ó ní asà. Bí Oxum náà bá wá sí agbo kan náà, wọ́n ní àwọn méjèèjì a fẹ́ bá ara wọn jà. Ọgbẹ́ náà kò tíì jinná.

Nígbà tí a kà á dé ibẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan béèrè pé, "Odò wo ni wọ́n ń wí ní Salvador?" Ìbéèrè yẹn gbá mi láyà. Odò Ọbà kò sí ní Salvador. Àwọn tó ń pa ìtàn náà níbẹ̀ ń pa á dé ibi odò tí wọn kò lè fojú rí mọ́ láéláé, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò. Ní ilé, odò ló ń jẹ́rìí sí ìtàn. Ní Bàhíà, ìtàn ló ń jẹ́rìí pé odò kan wà níbì kan tí a ti wá. Ṣé ẹ rí i pé kókó ọ̀rọ̀ ti ń yí?

Ti Kúbà ló wá dá mi lójú jù. Obbá ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀, Changó lọkọ rẹ̀. Àwọn kan ní Ochún ló tàn án, àwọn kan ní Oyá ni. Ó gé etí, ó fi se oúnjẹ, ọkọ kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ojú tì í, ó sì lọ ń gbé ní itẹ́ òkú, òun nìkan. Ẹnikẹ́ni kò di odò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Kúbà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òun ni wọ́n ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyàwó olóòótọ́. Wọ́n ní bí Changó kò tilẹ̀ sùn tì í mọ́, ìyàwó gidi rẹ̀ ni, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Owú ti rọra bọ́ sẹ́yìn níbẹ̀. Ohun tó kù níwájú ni ìṣòtítọ́ àti àdánù.

Ẹ tún wo oúnjẹ inú ìtàn náà. Amalá ni wọ́n ń pe oúnjẹ Ṣàngó ní Bùràsíìlì, amalá náà ni ní Kúbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Bàhíà tí ẹ ní kí wọ́n gbé amalá wá, ilá ni ẹ óò bá nínú àwo. Ní Kúbà, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi ń rò ó. Kò sí èyí tó jẹ́ àmàlà elúbọ́ tí à ń jẹ lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Orúkọ dúró, ohun inú àwo yí padà, ibi tí oúnjẹ ti wá kò sì ṣòkùnkùn. Bí ìtàn Ọbà náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ti wá ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ láti ọdún 1937, kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1976 lórí etí Ọbà yìí, ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Kúbà àti ní Bùràsíìlì. Ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn pé láti Yúróòpù ni púpọ̀ nínú àlọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti wá. Bascom wá ń tọpa àwọn àlọ́ tó wà ní Áfíríkà tó sì wà lọ́hùn-ún. Ìjọra ló ń wá, ó sì rí i. Mo kí i, ó ṣeun. Àmọ́ èmi rò pé àwa tó wà nílé ní iṣẹ́ kejì láti ṣe. Ìjọra á fi hàn wá pé ọmọ ìyá ni wá. Ìyàtọ̀ ni yóò sọ ohun tí ojú wọn rí lọ́nà.

Ẹni tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ọkọ tàbí lọ́wọ́ aya ní etí òkun, ṣé ẹ rò pé yóò rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ pé ẹnìkan gé ẹ̀yà ara rẹ̀ kí ilé rẹ̀ má bàa tú? Èrò tèmi ni o, mi ò rí i kà níbì kan: mo gbà pé ìdí nìyí tí Ọbà fi di ẹni ọ̀wọ̀ lọ́hùn-ún. Ilé tí àwa ń gbé inú rẹ̀ tí à ń jà, òun ni àwọn ń wá.

Mo fẹ́ fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀ mi ní kíláàsì, kí n lè gba iyì mi padà. Ni ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ bá nawọ́. Ó ní, "Màmá, láti àárọ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ Ọbà àti Ọ̀ṣun, ta ló òmùgọ̀, ta ló burú. Ẹnikẹ́ni ò béèrè nípa Ṣàngó. Irú ilé wo ló jẹ́ tó fi jẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni ìyáálé lè gbà rí ojú ọkọ rẹ̀? Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló jẹun, òun náà ló bínú."

Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Èmi tí mo kọ ewì, ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo rántí gbogbo ìlà tí mo kọ, mo rí i pé n kò dárúkọ Ṣàngó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Màmá gbé ìnujú, wọ́n nu "owú orogún" kúrò lábẹ́ Bùràsíìlì àti Kúbà. Wọ́n fi ti Ilé sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àmì ìbéèrè sí i níwájú. Wọ́n ní kí a lọ kọ èyí tó kù wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyí, mo kàn gùn ún sí i díẹ̀ fún ẹ̀yin ni.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn ènìyàn wa wọ̀nyẹn, ẹrú gan-an ni wọ́n fi wọ́n ṣe, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọ. Wọ́n gbé Ọbà kọjá òkun, wọn kò jẹ́ kó bọ́ sómi, wọ́n sì bo etí rẹ̀ fún un. Èmi tí mo jókòó sílé, tí odò Ọbà kò jìnnà sí mi, èmi ni mo ṣí i sílẹ̀ tí mo ń fi í rẹ́rìn-ín.

Mo ti sọ fún olóòtú wa pé bí wọ́n bá fẹ́ kó àwọn ewì wa jọ ní òpin ọdún, kí wọ́n má fi tèmi yẹn sí i. Òmíràn ń bọ̀. Ṣàngó yóò wà nínú rẹ̀.