Ẹnu Àgbà, Láti Ayé Pákò Dé Ayé Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Mo ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé n ó sọ̀rọ̀ lórí eyín. Àwọn kan nínú yín ti fèsì ṣáájú pé, "Nọ́ọ̀sì, tiwa ti ń bọ́ tán, ẹ lọ bá àwọn ọmọdé sọ ọ́." Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Ẹ ní sùúrù fún mi, ìtàn ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí pákò. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún láàrin yín kò ní ṣàìmọ orín ata tó máa ń ta lẹ́nu, orín àyán, orín ìdí, pákò Ìjẹ̀bú, àti gbòǹgbò ewúro. Ní kùtùkùtù, ẹ ó ti bá bàbá lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, pákò lẹ́nu, tí kò ní dáni lóhùn dáadáa àfi tó bá tutọ́ tán. Ìdajì wákàtí lè kọjá bẹ́ẹ̀. Tiwa lónìí, ìṣẹ́jú kan ni a fi ń ti búrọ́ṣì bọ ẹnu, a ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ní àwọn ọdún 1960, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Aubrey Sheiham, ọmọ South Africa tó fi London ṣe ibùgbé, ṣe ìwádìí lórí ẹnu àwọn èèyàn wa. Ó tẹ ohun tó rí jáde ní 1967 àti 1968. Eyín tó jẹrà, tó dáhò, kò wọ́pọ̀ nígbà yẹn, nítorí ṣúgà kò tíì wọlé wa tó bó ṣe wọ̀ ọ́ lónìí. Àmọ́ àrùn erìgì pọ̀, kódà lára àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Mo máa ń rí i tí ẹ ń fi í ránṣẹ́ síra yín pé àwọn baba ńlá wa kò ní àrùn ẹnu. Wọ́n ní i o. Pákò dára, èmi náà ń lò ó ní Sátidé, ṣùgbọ́n iwájú ẹnu ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í fọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀hún, inú, àti àárín eyín sí eyín, ìdọ̀tí ń gbá jọ síbẹ̀ títí yóò fi le bí òkúta, erìgì á sì máa sún kúrò lára eyín díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń mú eyín mì nìyẹn tí a fi ń sọ pé ọjọ́ orí ni. Ẹ di orúkọ Sheiham yìí mú, mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní 1957 ni UCH ṣílẹ̀kùn. Láti ìgbà yẹn ni oògùn òyìnbó ti ń pọ̀ sí i nínú àpò àwọn àgbà Ìbàdàn, ó sì ti dá ẹ̀mí púpọ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́ kò ní gbàgbé Brinerdin. Reserpine wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tó wà lára asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Lára ìbátan igi yẹn láti ilẹ̀ India ni àwọn onímọ̀ ti yọ reserpine jáde ní 1952. (Àwọn tó ń pe àgbo ní ìdọ̀tí kì í mọ ìtàn yìí.) Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dí imú, ó lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, ó sì lè mú ẹnu gbẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nifedipine dé, àti àbúrò rẹ̀, amlodipine, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò báyìí. Ní 1984 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nifedipine lè mú kí erìgì wú, kó hù bo eyín. Amlodipine náà lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lò wọ́n ló ń ṣe, ẹnu tí ìdọ̀tí bá ti pọ̀ ni ó ń yọ lẹ́nu jù. Mo kà á nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n bi wá nínú ìdánwò, mo gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn.

Ìyá kan wà ní Agbowó tí mo máa ń lọ wò nílé. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo ń yìn wọ́n pé wọ́n ń lo oògùn déédéé. Nifedipine ni wọ́n ń lò. Mo rí i pé ìyá ń rù, bùbá wọn ti ń ṣí kúrò léjìká. Àwọn ọmọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ní bóyá ìrònú ọkọ tó kú ni. Èmi náà ní kí wọ́n lọ yẹ ṣúgà wò. Lọ́jọ́ kan, mo bá wọn nídìí oúnjẹ. Ìyá jẹ àmàlà tán, gbẹ̀gìrì àti ewédú tán, wọ́n sì rọra ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo fún ọmọ-ọmọ. Mo ní, "Màámi, ẹ kì í jẹ ẹran mọ́ ni?" Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́." Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo ní kí wọ́n yánu. Erìgì ti bo eyín iwájú dé ìdajì, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, eyín ẹ̀yìn méjì ti ń mì. Ọdún méjì, mi ò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n yánu.

Dókítà pààrọ̀ oògùn wọn, wọ́n fọ ẹnu wọn ní ilé ìtọ́jú eyín, erìgì sì wálẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀. Eyín méjì yẹn lọ. Ara tó ti lọ kò padà tán.

Ìdí tó fi pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i ni oúnjẹ wa. Òkèlè la ń jẹ, mímì la ń mì ín. Àgbà tí kò lè jẹ nǹkan mọ́ lẹ́nu yóò jẹ àwo àmàlà tán, ilé á ní ó jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹran ti lọ, ọsàn ti lọ, ẹ̀pà àti àgbàdo ti lọ. Ó ku ẹ̀kọ, tíì àti búrẹ́dì. Ibí yìí ni Sheiham ti padà. Ní 2001, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn àgbà ọlọ́dún 65 sókè ní Britain. Wọ́n rí i pé èso àti oúnjẹ tó ní fáíbà tí àwọn tí kò ní eyín ń jẹ kéré sí ti àwọn tó ṣì ní i, Vitamin C inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà sì kéré. Ọkùnrin tó ti ka eyín wa nígbà èwe rẹ̀ ló fi ọjọ́ ogbó ṣàlàyé ohun tí eyín àgbà ń ṣe sí oúnjẹ. Ó kú ní 2015.

Ẹ tún wo ẹnu gbígbẹ. Piriton tí ẹ ń lò kí oorun lè kun yín, amitriptyline, àti àwọn oògùn tó ń mú ni tọ̀ púpọ̀ bíi Lasix, gbogbo wọn lè gbẹ itọ́. Itọ́ ló ń ṣan eyín. Tó bá ti gbẹ, ẹ ó máa lá TomTom láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣúgà á máa jókòó sí ìdí eyín tí erìgì ti ṣí sílẹ̀. Eyín àgbà kì í pẹ́ dáhò níbẹ̀. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ dípò rẹ̀, àyàfi tí dókítà bá ti dín omi kù fún yín. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, oògùn á tún máa há a lọ́nà ọ̀fun, ilé á bá lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Àwọn hóró kan, nifedipine tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ wà lára wọn, tí ẹ bá lọ̀ ọ́, iṣẹ́ odindi ọjọ́ á ya wọ ara lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ríru á já wálẹ̀ lójijì.

Nígbà tí eyín bá dùn ńkọ́? Wọ́n á tú tetracycline sínú ihò rẹ̀, wọ́n á fi aspirin sí erìgì, tí yóò sì bó o. Tàbí kí wọ́n ra ibuprofen ní kẹ́míìsì ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibuprofen àti diclofenac ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń da kíndìnrín àti inú àgbà láàmú. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó tètè lọ, nítorí àrùn erìgì ń gbé ṣúgà sókè, ṣúgà sì ń ba erìgì jẹ́.

Kí eyín tó bọ́ sípò, gbẹ̀gìrì ni ọ̀rẹ́ yín, ẹ̀wà ni, kò ní eyín ń ṣe. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja tí a yọ eegun rẹ̀, wàrà, ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ẹran náà, ẹ lọ̀ ọ́ tàbí ẹ gún un, kì í ṣe ẹ̀tẹ́. Ẹ̀yin tó ní eyín àtọwọ́dá, ẹ máa yọ ọ́ lóru, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ kó o sínú omi.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ọ̀rọ̀ mi dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o. Oògùn ṣeé pààrọ̀, rọpárọsẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀. Láti November 2012 ni UCH ti ní ilé ìtọ́jú tirẹ̀ fún àwọn ọlọ́dún 60 sókè, Chief Tony Anenih Geriatric Centre. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹnu ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ má dúró de ìgbà tí wọn yóò bi yín.

Mo ń bọ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ Bódìjà lọ́jọ́ Thursday, aago mẹ́rin. Kí olúkúlùkù kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú àpò kan, títí kan àgbo, Piriton àti èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti London. Èmi á mú tọ́ọ̀ṣì wá.