Probiotic

Pro ni ‘fún’ ní èdè Látìn. Bios ni ‘ìwàláàyè’ ní èdè Gíríìkì. Lọ́dún 2001, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ FAO àti àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé ohun tí probiotic túmọ̀ sí ni kòkòrò àìfojúrí tó ṣì wà láàyè, tó ń ṣe ara lóore tí a bá jẹ ẹ́ tó bó ṣe yẹ. “Ṣì wà láàyè” ni kókó ibẹ̀.

Ẹ wá wo irú. Ní Ìkárámù títí dé Ìkàrẹ́, ẹni tó ń ṣe irú á se hóró irúgbá mọ́jú, á bó o, á fọ̀ ọ́, á tún un sè, á wá fi ewé bò ó nínú igbá. Lọ́jọ́ kẹta, tó bá ṣí i, ooru á rọ́ lù ú lójú, irú á ti máa yọ̀, á máa fà bí ilá. Iṣẹ́ Bacillus subtilis nìyẹn, bakitéríà tí Ferdinand Cohn sọ lórúkọ yìí ní Jámánì lọ́dún 1872. Purotéènì ló ń fọ́ jù; ibẹ̀ ni òórùn irú ti wá. Ṣùgbọ́n hóró irúgbá lọ́ràá, àwọn ẹ̀yà Bacillus kan sì ní láípéèsì tó ń gé ọ̀rá sí wẹ́wẹ́. Láti rí wọn, onímọ̀ á fi omi irú díẹ̀ ra orí oúnjẹ bakitéríà tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá, tó funfun bí omi ẹ̀kọ. Níbi tó bá ti mọ́ gaara yíká, ẹni tí à ń wá ló wà níbẹ̀.

Ọbẹ̀ tó ń hó ńkọ́, ṣé kò ní pa wọ́n ni? Bacillus mọ bí a ṣe ń wé ara ẹni sínú èèpo líle tí iná kì í tètè ràn. Síbẹ̀, mi ò ní pe gbogbo irú ní probiotic: ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan la gbọ́dọ̀ dán wò lára ènìyàn.